Mo Lọ Wádìí Àna ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lọ́jà àti ní mọ́sáláṣí, tí ẹ ń bi mí pé, "Làmídì, kí ni o rí lára àwọn ará Ẹ̀pẹ́ náà?" ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nínú ìdílé wọn. Àwọn mìíràn ní wèrè ni. N kò rán ẹnikẹ́ni ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bù kún mi.

Gbogbo yín mọ Sàláwà, ọmọ mi. Ẹ mọ̀ pé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràṣídì, télọ̀ ní Ìkòròdú, wá ra aṣọ òfì nílùú wa, ó rí Sàláwà, ó ní òun kò tún wo ẹlòmíràn mọ́. Sàláwà náà kò sọ pé òun kò fẹ́. Àwọn ènìyàn ọmọkùnrin náà rán alárinà, wọ́n tọrọ ọmọ bó ti yẹ, ó wá ku ìwádìí. A kì í fi ọmọ fún ilé tí a kò mọ ìdí rẹ̀. A ní láti mọ̀ bóyá olè ń bẹ níbẹ̀, bóyá àrùn burúkú, bóyá àwọn ọkùnrin wọn a máa lu aya.

Ẹ sì mọ̀ pé bàbá ọmọ kọ́ ni í lọ ṣe ìwádìí. Ẹlòmíràn ni à ń rán, ẹni tí ọ̀ràn náà kò ká lára jù. Ẹ̀gbọ́n mi Yésúfù rán mi létí.

"Làmídì, ojú rẹ ti le jù. Jẹ́ kí á rán Bùráímọ̀."

Mo ní, "Bùráímọ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá gbé àwo ẹran kan ṣoṣo síwájú Bùráímọ̀, yóò padà wá sọ pé kò sí irú wọn láyé."

Yésúfù mọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò wa obìnrin, Mọ́ríyámọ̀, àwọn tí a rán lọ wádìí ọkọ rẹ̀ jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà wá ń yin ilé náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Mọ́ríyámọ̀ padà sílé pẹ̀lú apá kan tí kò lè gbé ìkòkò mọ́. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Láti ìgbà náà ni n kò ti gba oúnjẹ gbọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá wà.

Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú Yésúfù, mo ní èmi fúnra mi ni n ó lọ, oúnjẹ àwọn tí mo fẹ́ wádìí kò sì ní kan ẹnu mi títí n ó fi padà. Ràṣídì kò rí mi rí. Ìgbà tó wá, ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á lálejò, mo kọ̀ láti jókòó tì í. Mo di gààrí àti kúlíkúlí sínú àpò. Mo di aṣọ òfì mẹ́fà tí mo fi ọwọ́ ara mi hun sínú ìdì kan, kí n lè pe ara mi ní aláṣọ tó ń kiri. Sàláwà sìn mí dé ìdí ọkọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú rere wò wọ́n."

Mo ní, "Ojú tí mo ní ni n ó fi wò wọ́n."

*

ÌKÒRÒDÚ

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìkòròdú ni pé ẹnikẹ́ni kò kí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ẹrù lórí, mo dúró, mo ń retí kí ẹnìkan sọ pé ẹ kú ìrìn. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní kí n kúrò lọ́nà. Mo sọ fún ara mi pé ìlú tí a kì í ti í kí àlejò, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Àdúgbò Lásunwọ̀n ni Ràṣídì ń gbé, níbẹ̀ náà ni mo sì wọ̀ sí, lọ́dọ̀ Súlè, ará Òkèihò kan tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Ìdajì àwọn ilé òpópónà náà jẹ́ ilé amọ̀ ti àtijọ́, ìdajì jẹ́ sìmẹ́ńtì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò, ọkùnrin kan wó ògiri iwájú ilé bàbá rẹ̀ lulẹ̀, ó sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ẹbí di ṣọ́ọ̀bù méjì. Mo bi í pé níbo ni ẹbí yóò ti máa pàdé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ta ló ráyè ìpàdé?" Súlè ní láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà Èkó ni gbogbo rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Lọ́rì ń kó yanrìn wá, lọ́rì ń kó ènìyàn wá. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ègùn wà, Haúsá wà, ọmọ Ìgbò kan wà tó ń rán bàtà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà Súlè, tó ń sọ Yorùbá ju Súlè lọ. Àwọn onílẹ̀ gan-an ń sọ èdè tiwọn láàárín ara wọn, ìyẹn èyí tó jọ ti àwọn Ìjẹ̀bú, tí n kò gbọ́ tán. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé èmi ni.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì kan wà lórí pákó tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ènìyàn jókòó yí i ká, wọ́n ń mi orí sí i. Wọ́n gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀ gbọ́, wọn kò sì gba èmi tí mo dúró níwájú wọn gbọ́.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni yẹn kò bá Ràṣídì tan, mo ti béèrè. Iṣu ewùrà ni wọ́n rin, wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ata, epo àti ẹja. Ẹ̀yin ará mi, n kò mọ bí ẹnu mi yóò ṣe sọ ọ́. Ọkà wa ní ìwà. O mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti ìkọ́kọrẹ́, gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀, orí ẹja kan sì ń wò mí láti inú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán ná. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

*

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìwádìí mọ̀ pé a kì í bi ọ̀rẹ́ wọn, a kì í bi ọ̀tá wọn. Ẹni tí wọ́n jọ ń pọn omi ni à ń bi. Mo wá kànga àdúgbò náà lọ. Mo bá a, wọ́n ti fi pákó dé e, ewéko ti hù lé e lórí. Wọ́n tọ́ka ẹ̀rọ omi sí mi ní ìkóríta, níbi tí àwọn obìnrin ti to garawa sílẹ̀ lọ́nà gbọọrọ. Mo jókòó ti obìnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí àgbà ti ń ṣe, mo yin ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo yin omi. Nígbà tó yá mo ní, "Ràṣídì tó ń ránṣọ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ọmọ ta ni bàbá rẹ̀?"

Obìnrin náà gbé ojú sókè. "Bàbá mi, ilé tí mò ń gbé, yàrá mẹ́wàá ló ní. Mi ò mọ bàbá ẹnì kankan nínú wọn. Onílé fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí òrùlé bá ń jò ni mo ń wá a. Ẹ wá ń bi mí ní bàbá télọ̀!"

"Ṣé ẹ ò rí i kó bá ẹnikẹ́ni jà ni?"

"Ó ń ránṣọ, ó ń kírun, ó ń sùn. Kí lẹ tún fẹ́?" Ó gbé garawa rẹ̀ sórí. "Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́, nílé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bàbá èèyàn."

Mo fẹ́ mọ bí ilé tí ọmọ mi yóò wá gbé ti mọ́ tó. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo ṣí ìdérí àmù kan, mo bẹjú wo inú rẹ̀. Ẹnìkan pariwo pé, "Wolé-wolé ti dé o!" Kíá, gbogbo òpópónà dìde. Wọ́n ń da omi àmù nù, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń lé adìyẹ jáde kúrò nínú yàrá. Mo ní èmi kì í ṣe wolé-wolé, aláṣọ ni mí.

Arúgbó kan ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Èyí tó ń bọ́ kàkí sílẹ̀ kó lè mú wa nìyẹn."

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá kọjú sí, wọ́n a bo ìkòkò wọn. Èmi tí mo wá ṣọ́ wọn, àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n alákàn pọ̀ jù ní òpópónà yẹn.

*

Mo wá dán ọmọkùnrin náà wò fúnra rẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé télọ̀ a máa jí aṣọ. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ òfì mi, mo wọ̀n ọ́n dáadáa, mo gbé e lọ fún un pé kó fi rán dàńṣíkí fún mi. Mo mọ iye tí yóò ṣẹ́kù, bí mo ti mọ ìka ọwọ́ mi.

Ọmọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó gba aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wò mí fẹ́ẹ̀rẹ́, ó tún wo aṣọ.

"Aṣọ yìí dára, bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

"Rírà ni mo rà á."

"Ẹ kú oríire, bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé dàńṣíkí fún mi pẹ̀lú àjákù tó kù, ó fi òwú aláwọ̀ aró dì í. Mo kó àjákù wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní yàrá Súlè, mo tò wọ́n jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí èyí tó dín, títí kan èyí tí kò tó ìka méjì. Dípò kí inú mi dùn, àyà mi já. Ta ló rí irú èyí rí? Télọ̀ tí kò jí aṣọ, ohun mìíràn ló ń jí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo di ẹrù mi, ó di Ẹ̀pẹ́.

*

Ọ̀SÀ

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ọ̀sà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé odò ni. Odò ń lọ síbi kan. Omi yìí kàn wà níbẹ̀ ni, ó tẹ́ lọ títí tí ojú fi rẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn sì ń gbé lórí rẹ̀. A kọjá lára abúlé àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n fi igi gbé ilé wọn sókè lórí omi. Àwọn obìnrin ń yan ẹja lórí pẹpẹ, wọ́n ń kọrin ìjọ, wọ́n juwọ́ sí wa. Gbogbo èrò ọkọ̀ juwọ́ padà àfi èmi tí mo di igi ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Obìnrin tó jókòó tì mí ya ẹja gbígbẹ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Mo dúpẹ́, mo ní ààwẹ̀ ni mò ń gbà.

Ó ní, "Ààwẹ̀ kẹ̀? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kúlíkúlí níṣojú mi."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gidigidi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ pé mò ń bọ̀, bóyá obìnrin yìí pàápàá, àwọn ni wọ́n rán an.

*

Ẹ̀PẸ́

Ní Ìkòròdú, wọn kò kí mi, mo fura. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n kí mi jù, mo túbọ̀ fura. Láti etí omi dé agboolé tí mo béèrè, mo dáhùn ẹ kú ìrìn tó pọ̀ ju ti oṣù kan lọ nílé. Ìhà ibi tí àwọn ọmọ Èkó ń gbé ni. Ogun ló lé àwọn baba ńlá wọn kúrò ní Èkó, tí wọ́n fi wá tẹ̀dó síbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni gbogbo wọn. Baálé ilé, àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Bàbá Bákàrè, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló gbà mí. Mo ní aláṣọ ni mí, pé ẹnìkan ló júwe ilé wọn fún mi. Kò béèrè ẹni náà.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Àlejò ni àwa náà níbí, ará Èkó ni wá."

Mo ní, "Láti ìgbà wo ni ẹ ti dé?"

"Láti ìgbà bàbá bàbá mi."

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ka àwọn bàbá rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àti òpópónà tí oníkálukú wọn ti kúrò ní Èkó. Mo ronú pé ní Ìkòròdú ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni, níbí wọ́n mọ ọ́n dé ẹnu ọ̀nà tó gbà jáde. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ìyá Ràṣídì ni yóò fún yín lóúnjẹ. Òun ni í fún gbogbo àlejò ilé yìí lóúnjẹ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan? Obìnrin pọ̀ nílé yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é," ni Bàbá Bákàrè wí, ó sì yí ojú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ̀yin kò ní fura? Ìyá ọmọkùnrin tí mo wá wádìí, òun gan-an ló gbọ́dọ̀ bọ́ mi! Mo ní sínú pé wọ́n ti gbọ́n, wọ́n fẹ́ kí ẹnu jẹ kí ojú tì.

Ìyá Ràṣídì jẹ́ obìnrin kékeré, aláìpariwo. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àwo kan sílẹ̀ níwájú mi. Èbìrìpò mẹ́ta ni, kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ata àti epo po, tí wọ́n pọ́n sínú ewé tí wọ́n sè. Òòrùn rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́. Ó fi òwú aláwọ̀ aró so ọ̀kọ̀ọ̀kan, òwú télọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, ó sì jáde, nítorí wọn kì í wo àlejò lẹ́nu.

Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìdì aṣọ mi, sí àárín aṣọ ẹtù méjì, pé tí ilẹ̀ bá mọ́ n ó dà wọ́n sínú ọ̀sà. Mo rẹ gààrí, mo mu ún kíá. Nígbà tó padà wá gbé àwo, mo fọwọ́ nu ẹnu.

"Ó dùn, ìyá. Mo jẹ ẹ́ tán."

Ó wo inú àwo. "Ewé rẹ̀ ńkọ́, bàbá?"

"Mo jù ú fún ewúrẹ́."

Ó gbé àwo náà. "Ẹ kúuṣẹ́," ni ó wí.

*

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, èmi àti Bàbá Bákàrè jọ lọ sí etí omi, níbi tí ọkọ̀ tó ń kàn wà. Mo ti mú ìdì aṣọ náà dání kí n lè sọ ẹrù inú rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n Bàbá Bákàrè gbà á lórí mi, ó ní àgbà kì í ru ẹrù nílé wọn, ó fi rán ìyàwó ilé kan padà sílé. N kò lè jà á gbà. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mi.

Mo ní, "Ìyá tó fún mi lóúnjẹ lánàá, ó jọ ẹni tó ti jìyà."

Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi díẹ̀ kó tó fèsì. "Ó jìyà lọ́wọ́ wa. Ọmọ orogún rẹ̀ jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a. A ní òun ló fi májèlé sí i. Ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni nílé yìí ò fi ẹnu kan ohun tó bá sè. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ò jẹ ẹ́, títí ó fi kú. Òun àti Ràṣídì nìkan ni wọ́n ń jókòó ti ìkòkò wọn."

"Ṣé òun kọ́ ni?"

"Omi kànga ni. Ìgbà tí ohun kan náà mú àwọn ọmọ òpópónà kejì, tí wọn ò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ni ojú wa tó là. Gbogbo ilé lọ bẹ̀ ẹ́. A fẹ́ fi àgbò tù ú, ó kọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́: àlejò yòówù tó bá wọ agboolé yìí, ọwọ́ òun ni kó ti kọ́kọ́ jẹun. Bí àlejò bá jẹ ẹ́ tó sì jí, gbogbo ayé á rí i. Láti ìgbà náà la ti ń ṣe é." Ó wò mí. "Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́. Ẹ sì jí."

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ tún ẹrù mi tò. Mo rìn tẹ̀lé ọ̀nà náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ọkàn mi ń sọ pé kí n ṣáà débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Mo bá àwọn obìnrin ilé lórí ẹní, ìdì aṣọ mi wà láàárín wọn. Wọ́n ń dúró dè mí ni. Ìyá Ràṣídì jókòó níwájú.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Aláṣọ, ẹ tú u ká wò ó. Ìyá Ràṣídì fẹ́ mú ọ̀kan, ó ní ìyàwó kan fẹ́ wọlé tọ òun wá."

Mo ní aṣọ náà ti di ti ẹlòmíràn. Mo ní wọn kò tíì gbẹ. N kò mọ ohun tí mo ń sọ mọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní irú aláṣọ wo nìyí tí kò fẹ́ tajà, ó sì fa kókó ìdì náà. Wọ́n ń ká aṣọ àkọ́kọ́, wọ́n ń yìn ín. Wọ́n gbé ẹtù sókè. Èbìrìpò mẹ́ta yí jáde sórí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú aró rẹ̀ bí ó ti so ó.

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí mi pé n kò rí ewúrẹ́ kan ní gbogbo agboolé náà.

Mo rò pé Ìyá Ràṣídì yóò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. Ó ṣa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́wọ́, ó fi ìka kan wọ́n wò.

"Ó ti tutù," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e kaná fún yín."

Ó lọ, a gbọ́ ìró igi tó ń ṣẹ́. Ó gbé e padà nínú àwo kan náà, ó kúnlẹ̀ bíi ti àná, ṣùgbọ́n kò jáde mọ́. Mo tú òwú náà, mo jẹ ẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, níwájú gbogbo wọn. Ìbúra mi kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Omi ojú ń dà sínú oúnjẹ náà, n kò sì lè nù ún. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo dojú bolẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà, mo ní kó dárí jì mí.

Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá Sàláwà."

Mo gbé orí sókè. N kò tíì dárúkọ ọmọ mi fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Ó ní, "Ọmọ mi mọ etí aṣọ yín. Ó ní bí ẹ ṣe ń fi fọ́nrán funfun kan parí etí, òun ò rí i níbòmíràn, àfi lára aṣọ tí Sàláwà ró lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i. Ó ti ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó dé. Gbogbo ilé yìí ló mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Wọ́n ní kí n se ẹran. Mo ní rárá, ohun tí mo ń sè fún gbogbo àlejò ni n ó sè fún yín, kí ẹ lè rí mi bí mo ṣe rí."

Aṣọ tí mo fi bojú ló tú mi fó. Láti ìgbà tí mo ti ń hunṣọ, fọ́nrán funfun yẹn ni mo fi ń yangàn, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe ń lọ, ó sìn mí dé etí omi. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Bàbá Sàláwà, ọmọ yín ńkọ́? Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ṣé yóò jẹ oúnjẹ mi?"

Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ronú ohun tí mo ti fi kọ́ ọmọ yẹn láti kékeré, pé kó máa wo ọwọ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, ahọ́n mi sì kọ̀. Mo wọ ọkọ̀.

*

ILÉ

Mo délé, mo sọ fún Yésúfù àti gbogbo ẹbí pé ilé náà dára, kò sí olè, kò sí àrùn, wọ́n ń kírun, wọ́n mọ bàbá wọn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. N kò sọ ti èbìrìpò. Inú Sàláwà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ìyàwó rẹ̀.

Aṣọ náà kò tíì dé ìdajì tí alárinà fi dé láti Ẹ̀pẹ́. Alárinà náà, ìyá arúgbó kan, kò fẹ́ jókòó.

Ó ní, "Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n ní àwọn ò bá yín jà. Ìyá Ràṣídì ní òun ti gbé ọdún mẹ́rin nínú ilé tí wọ́n ti ń fi ojú wo oúnjẹ òun. Ó ní òun ti dàgbà, òun ò lè fi àna bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ní òun béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Bàbá Sàláwà létí omi, òun ò sì gbọ́ èsì."

Yésúfù ní, "Ràṣídì ńkọ́? Kí lòun wí?"

"Ó sunkún. Ṣùgbọ́n òun ló bá ìyá rẹ̀ jẹun ní ọdún mẹ́rin yẹn. Kò ní fi í sílẹ̀."

Yésúfù yíjú sí mi, mo sì ní láti sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, níwájú ẹbí. Sàláwà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò jẹ oúnjẹ rẹ̀?"

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́, ọmọ mi. Mo jẹ ẹ́ tán."

"Lẹ́yìn tí wọ́n bá a nínú ẹrù yín." Ó wọlé lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ yé sọ pé ẹ̀tẹ̀ wà nílé àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Èmi ni mo lọ wá àbùkù káàkiri, láti Ìkòròdú dé etí ọ̀sà, èmi náà ni mo sì gbé e dání láti ilé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gba ìránṣẹ́ mi, wọ́n fún un lóúnjẹ, kò sí èsì.

Sàláwà kò bá mi jà. Ó ń sè, ó ń gbé e wá fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí alárinà ti lọ, kí ó tó gbé àwo sílẹ̀, á kọ́kọ́ bu òkèlè kan, á fi run ọbẹ̀, á jẹ ẹ́, á gbé e mì níṣojú mi. Lẹ́yìn náà ló máa ń ti àwo náà sọ́dọ̀ mi, tí á ní, "Bàbá, ẹ lè jẹun."